Ọmọ mi fẹ́ máa kọrin bíi ti Aṣa: àwo wo ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́?

ÌyáOyin kọ:
Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ará ibí o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn torí mi ò mọ nǹkan kan nípa orin onígìtá, fújì ni wọ́n fi tọ́ èmi dàgbà ní Mushin, tó bá jẹ́ àwo Barrister lẹ ní kí n kà fún yín mo lè kà á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 16, bàbá ẹ̀ ra gìtá fún un, àtìgbà yẹn ilé wa ò dákẹ́ mọ́, ó jí, gìtá, ó fẹ́ sùn, gìtá. Inú mi dùn sí i o. Ó ti ń kọ orin tiẹ̀ sínú ìwé kan tó máa ń tì bọ abẹ́ ìrọ̀rí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ó gbọ́ olórin obìnrin kan tó ń jẹ́ Aṣa nínú rédíò mọ́tò nígbà tá à ń ti Ojúẹlẹ́gba bọ̀, ló bá ní irú orin tóun fẹ́ máa kọ nìyẹn. Mo délé, mo wá orúkọ Aṣa lórí fóònù, àwo tí mo kọ́kọ́ rí ni èyí tí wọ́n kọ V sí lára, mo ní kó máa gbọ́ ọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ó ní "Mọ́mì, gìtá ẹ̀ dà?" Ó ní ijó ló pọ̀ níbẹ̀, pé obìnrin tóun gbọ́ nínú mọ́tò kọ́ nìyí.

Ìkejì ló dùn mí jù. Ó mú orin kan lọ síléèwé, Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ègbè. Tíṣà orin wọn sọ lójú gbogbo kíláàsì pé ìyẹn kì í ṣe orin, àdàlù ni, kó lọ mú èdè kan. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan báyìí, kò ṣí ìwé yẹn mọ́. Gìtá nìkan ló ń ta, kò kọrin sí i.

Ìbéèrè mi rèé: àwo Aṣa wo ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́? Àwọn wo ni Aṣa fúnra ẹ̀ gbọ́ kó tó di Aṣa, kí n lè wá wọn fún un? Ṣé òótọ́ sì ni pé èèyàn ò lè da èdè méjì pọ̀ nínú orin ni? Ẹ bá mi dá sí i.


Dépò_Àkúrẹ́ fèsì:
Ìyá Oyin, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Àwo àkọ́kọ́ ni o, ti 2007, orúkọ ẹ̀ náà ló wà lára ẹ̀, Aṣa. Orin mẹ́wàá péré. Jailer, Fire on the Mountain, Bibanke, Eye Adaba, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Màá fẹ́ẹ̀ẹ́ búra pé ọ̀kan nínú wọn ló gbọ́ nínú mọ́tò yẹn. Ẹ gbé V kúrò níwájú ọmọ yẹn ná, ìyẹn kì í ṣe Aṣa tá a mọ̀.


AbíkẹPeckham fèsì:
Dépò, kì í ṣe Aṣa báwo? Ohùn ta ló wà níbẹ̀? V ni àwo ẹ̀ karùn-ún, ìdí tó fi ń jẹ́ V nìyẹn, ó jáde ní oṣù kejì ọdún 2022, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ P.Priime ló bá a ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ó pe àlejò sí i, Wizkid wà níbẹ̀, Amaarae ọmọ Gánà wà níbẹ̀, àwọn The Cavemen náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ lọ gbọ́ èyí tó bá àwọn Cavemen kọ dáadáa, gìtá háíláìfù ló wà níbẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ọmọ yẹn ò tíì débẹ̀ ni, ó máa débẹ̀.

Ìyá Oyin, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè yín kejì torí òun lèmi fẹ́ràn jù. Paris ni wọ́n bí Aṣa sí ní 1982, Bùkọ́lá Elémidé lorúkọ ẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n kó padà wá sí Èkó. Bàbá ẹ̀ ń ya fíìmù, ó sì ní àwo lóríṣiríṣi nílé: Marvin Gaye, Aretha Franklin, Bob Marley, Fẹlá, Sunny Adé, Ebenezer Obey, títí dé Lágbájá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe dúró síra wọn nínú àpótí kan náà. Èmi ò rò pé ọmọ tó dàgbà sáàárín irú àwo bẹ́ẹ̀ á mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ń jẹ́ àjèjì nínú orin. Òun nìkan lọmọbìnrin láàárín ọkùnrin mẹ́ta, bàbá ẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé, ó ń tọ́jú ilé ó ń kọrin. Ibẹ̀ náà ni bàbá ẹ̀ ti kọ́ ọ ní gìtá.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá ohun tó gbọ́, ẹ má wá ẹyọ kan. Ẹ wá Marvin Gaye kan, ẹ wá Obey kan, ẹ fi wọ́n síra wọn bíi ti inú ilé yẹn.


Alàgbà_Kúáyà fèsì:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ti ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì láti 1988, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ níbi tó ti kàn mí.

Kò dáa kí tíṣà sọ̀rọ̀ sí ọmọ báyẹn lójú ẹgbẹ́ ẹ̀. Ká ti sọ ìyẹn tán. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà lè dá lé lórí, n kò sì ní kí ẹ dà á nù pátápátá. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kì í rìn bákan náà nínú orin. Gẹ̀ẹ́sì, ibi tó bá wù ọ́ lo lè gbé ohùn sí, ọ̀rọ̀ náà ò ní yí padà. Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohùn ni ọ̀rọ̀ wa. Ẹ wo àwọn orin ìyìn tí wọ́n túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì láyé ijọ́un tí wọ́n fi ohùn òyìnbó kọ, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá tẹ́tí sí ohun tí ẹnu ń sọ ní tòótọ́, nǹkan mìíràn ni, àṣà ló jẹ́ kó mọ́ wa lára. Ọmọ tó bá ń bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì tó tún ń bọ́ padà sínú Yorùbá nínú orin kan ṣoṣo, ohùn Gẹ̀ẹ́sì yẹn á máa tẹ̀ lé e wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa Yorùbá ẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kó kọ́kọ́ kọ odindi orin kan ní Yorùbá. Ẹyọ kan péré. Kó tó fi gìtá sí i, kó máa fi ẹnu sọ ọ́ bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, kó gbọ́ ibi tí ohùn ti ń lọ sókè àti ibi tó ti ń wálẹ̀, ohùn orin ẹ̀ á jáde láti ibẹ̀. Tó bá ti mọ ìyẹn, kó da èdè mẹ́wàá pọ̀ tó bá wù ú.


Dépò_Àkúrẹ́ fèsì:
Alàgbà, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ohùn, àmọ́ mi ò gbà pé kó dúró di ìgbà yẹn. Ọmọ ọdún 16 tí wọ́n ti dójú tì lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ bá tún sọ fún un pé ó di ìgbà tó bá ṣe báyìí báyìí, ó máa pa ìwé yẹn dé ni. Àwo tá à ń sọ yìí gan-an, Fire on the Mountain Gẹ̀ẹ́sì ni, orin tó tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀ ni Eye Adaba, Yorùbá. Àwọn Faransé sì fún un ní ẹ̀bùn Prix Constantin lórí ẹ̀ ní 2008, ẹ̀bùn ńlá ni ní ọ̀dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ méjèèjì kì í ṣe èdè wọn.


Alàgbà_Kúáyà fèsì:
Dépò ọmọ mi, o ṣì ń gbè mí lẹ́sẹ̀ ni. Ohun tí o sọ yẹn, orin kan fún Gẹ̀ẹ́sì, orin kan fún Yorùbá ni. Kò bu ìdajì mọ́ ìdajì nínú orin tí o dárúkọ yẹn.


Dépò_Àkúrẹ́ fèsì:
Mo gbọ́ sà. Àmọ́ ẹ gbọ́ Bibanke tó wà nínú àwo yẹn kan náà, èdè méjèèjì ló wà nínú ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kì í ṣe orin.


ỌmọJos fèsì:
Ẹ má bínú, mo fẹ́ tún ibì kan ṣe nínú ohun tí Abíkẹ́ kọ. Bàbá ẹ̀ kọ́ ló kọ́ ọ ní gìtá, ó sì dáa kí ọmọ Ìyá Oyin mọ èyí torí ìtàn ibẹ̀ máa ràn án lọ́wọ́.

Nígbà tó pé ọdún 12 ó lọ sí Federal Government College ní Jos, ilé ẹ̀kọ́ tó jìnnà sílé gan-an fún ọmọ Èkó, ó lo ọdún márùn-ún níbẹ̀. Ìgbà tó padà dé Èkó ní nǹkan bíi 1999 ló tó wá gbọ́ Erykah Badu, D'Angelo, Lauryn Hill, Raphael Saadiq, Fẹ́mi Kútì àti Angélique Kidjo. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àwo bàbá ẹ̀ mọ́, òun fúnra ẹ̀ ló wá wọn rí. Ó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ akọrin, wọn ò gbà á. Ó wá ń lọ kọrin nílé iṣẹ́ rédíò níbi tí wọ́n ti máa ń fún ẹni tó bá wá láàyè. Nígbà tó wọ LASU, ibẹ̀ ló ti yọ́ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ orin Peter King, oṣù mẹ́fà ló fi mọ gìtá ta. Ẹni tó ti lé lọ́dún 18 ni nígbà yẹn o! Nígbà tó di 2004 ló pàdé Janet Nwose tó di mánéjà ẹ̀, ìyẹn ló mú un mọ Cobhams Asuquo, Cobhams yìí ló bá a ṣe àwo àkọ́kọ́ yẹn.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé wọ́n kọ Aṣa ní kúáyà, àti pé ọdún méjì ló fi ṣáájú Aṣa mú gìtá.


AbíkẹPeckham fèsì:
ỌmọJos o ṣeun, mo ti gbà. Mo pa á pọ̀ mọ́ ìtàn ẹlòmíì ni. Ti àwo bàbá ẹ̀ nìkan ló dá mi lójú.


Gìtá_nìkan fèsì:
Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní gìtá ní Ìbàdàn, ó ti tó ọdún mọ́kànlá, gbogbo yín ń sọ ti àwo, kò sẹ́ni tó béèrè irú gìtá tí ọmọ náà ní. Ìyá Oyin, ṣé wáyà irin ló wà lára ẹ̀ ni àbí náílọ́ọ̀nù? Ẹ wo ìka ọwọ́ òsì ẹ̀. Tó bá ti là tó ń dùn ún, tí wáyà sì jìnnà sí igi gìtá tó jẹ́ pé ó ní láti fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ kó tó dún, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó pọ̀ tó fi gìtá sílẹ̀ torí ìrora ọwọ́, tí àwọn òbí ń rò pé ọ̀lẹ ni.

Lórí àwo, mi ò bá Dépò jà, 2007 náà ni. Ṣùgbọ́n kó má gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ orin nínú mọ́tò. Kó mú orin kan, kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kíní kó gbọ́ ohùn. Lẹ́ẹ̀kejì kó gbọ́ gìtá nìkan, kó má tẹ̀ lé ohùn rárá. Lẹ́ẹ̀kẹta kó gbọ́ ohun tí àwọn tó kù ń ṣe nígbà tí gìtá bá dákẹ́. Tó bá ṣe èyí fún Jailer nìkan, ohun tó máa rí níbẹ̀ máa yà á lẹ́nu, gìtá kékeré kan tó ń tún ara ẹ̀ sọ, kò ṣe nǹkan ńlá kankan, òun sì ni gbogbo orin jókòó lé. Ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń fẹ́ fi gbogbo kọ́ọ̀dù tó mọ̀ sínú orin kan. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta tó orin.

Lẹ́yìn náà kó wá èyí tó kọ níwájú èrò, Live in Paris, ó jáde ní 2009. Orin kan náà ni, àmọ́ ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń mí, ẹ ó gbọ́ ibi tó ti dúró de àwọn èèyàn. Èyí tí wọ́n ṣe nínú sítúdíò ò lè kọ́ ọmọ níyẹn.


Jùjú_lówùú fèsì:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, ohun kan ló ń dùn mí. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ gìtá bí ẹni pé òyìnbó ló gbé e fún Aṣa. Marvin Gaye, Badu, Lauryn Hill, ó dáa. Àwọn oníròyìn sì máa ń fi wé Tracy Chapman torí pé obìnrin dúdú méjì mú gìtá. Ṣé kò sí gìtá ní Èkó kí wọ́n tó bí gbogbo wọn ni?

Túndé King ń kọ jùjú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, ohun èlò olókùn ló gbé lọ́wọ́, ó jókòó, ó ń kọ ti ìlú, ó ń kọ ti èèyàn, àwọn díẹ̀ ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Kí lẹ ń pe ìyẹn? Ní 1949 Àyìndé Bákàrè ti fi gìtá sẹ́nu iná mànàmáná. Ẹ débi Sunny Adé, gìtá tó wà nínú bándì ẹ̀ kò ṣeé kà tán, ìkan ń béèrè ìkan ń dáhùn bí ìlù, òun ló tún mú gìtá onírin tí wọ́n ń jókòó ta yẹn wọ jùjú. Ẹ débi Obey, èyí tó sọ ìtàn bàbá àti ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn, gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe aráyé ń wí. Àlọ́ ni ìyẹn, ó gbé e ka orí gìtá, èrò jó o, wọ́n tún gbọ́ ọ̀rọ̀. Abíkẹ́ ti sọ fún yín pé àwo Sunny àti Obey wà nílé bàbá Aṣa, ẹ wá fò ó kọjá bí ẹni pé ọ̀ṣọ́ ni.

Ìyá Oyin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ò mọ nǹkan kan nípa orin onígìtá, ẹ mọ fújì, ẹ mọ bí Barrister ṣe ń fi ohùn gbé ọ̀rọ̀. Ẹ jókòó ti ọmọ yín kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ fún un. Ìyẹn ju YouTube lọ.


Mojí_Bódìjà fèsì:
Ẹ̀gbọ́n Jùjú, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká wá sọ ọ́ di pé jùjú ni Aṣa ń kọ o. Kò kọ jùjú. Tí ọmọ yẹn bá lọ gbọ́ Synchro System, àwo Sunny Adé, pé òun fẹ́ rí Aṣa níbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i pẹ̀lú V ló tún máa ṣẹlẹ̀.

Tó bá jẹ́ orin tó jókòó sínú èdè wa, tí gìtá ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́ lábẹ́ ẹ̀, ẹ fún un ní Beautiful Nubia. Ṣẹ́gun Akínlolú lorúkọ ẹ̀, dókítà ẹranko ni, UI ló ti kọ́ ọ. Òun àti Roots Renaissance Band. Kó bẹ̀rẹ̀ láti Jangbalajugbu. Orin ọmọdé wà níbẹ̀, orin ìlú wà níbẹ̀, ó ń kọ Yorùbá ó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tó ní kó lọ mú ọ̀kan. Kó tún wá Túnjí Oyèlànà. Ohùn Oyèlànà tutù bí omi àmù, bẹ́ẹ̀ òun ló kọ àwọn orin tí Ṣóyínká ṣe ní 1983 láti fi bá ìjọba wí, àwo yẹn ń jẹ́ Unlimited Liability Company, Píjìn ló sì fi kọ I Love My Country tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ pé èdè wo, ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà ti yanjú ẹ̀.


AbíkẹPeckham fèsì:
Mojí o ṣé tó o dárúkọ Oyèlànà, ìlú Lọ́ńdọ̀nù níbí ló fi ṣe ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ jẹ́ n fi ẹnì kan kún un torí Jùjú_lówùú. Ambrose Campbell. Ọmọ Èkó ni, ó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú gìtá ẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, West African Rhythm Brothers lorúkọ ẹgbẹ́ ẹ̀. Ní Soho níbí ló ti ń fi Yorùbá kọrin fún àwọn tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ mo wà nínú bọ́ọ̀sì, òtútù ń mú, omi bọ́ lójú mi, mi ò mọ̀dí. Gìtá ẹ̀ ń dún bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé lálẹ́.


Dépò_Àkúrẹ́ fèsì:
Ká padà sórí ètò jàre, ká má da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ìyá yìí lójú. 2007 kọ́kọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ Beautiful Imperfection, 2010, ìyẹn túra ká, inú dídùn pọ̀ níbẹ̀, Be My Man wà níbẹ̀, Bimpé náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni Bed of Stone, 2014. Lucid ti 2019 tẹ̀ lé e. V gbẹ̀yìn, mo ti gbà, ẹ má jà mí.


ỌmọJos fèsì:
Èmi á fi Bed of Stone ṣe ìkejì. Orin Eyo wà níbẹ̀, ilé ni gbogbo orin yẹn ń pè. Beautiful Imperfection dùn, àmọ́ ìlù àti fèrè ti ń bo gìtá mọ́lẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀, ọmọ yẹn á tún béèrè pé gìtá dà.


Gìtá_nìkan fèsì:
Mo wà lẹ́yìn ỌmọJos. Àti pé kó má gbé gbogbo ẹ̀ mì lọ́sẹ̀ kan. Àwo márùn-ún ni Aṣa fi ọdún 15 ṣe. Àwo kan lóṣù kan tó fún un.


ÌyáOyin fèsì:
Ẹ ṣé o, ẹ ṣé o, mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo tiẹ̀ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀.

Gìtá_nìkan, Ọlọ́run á bù kún yín. Wáyà irin ni. Mo yẹ ìka ẹ̀ wò lóòótọ́, ó ti pọ́n, ẹnu ẹ̀ ò sọ ọ́ fún mi. Bàbá ẹ̀ ti gbé gìtá lọ fún ọkùnrin kan ní Yábàá, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ní inú ooru ni wọ́n ti gbé e sí nílé ìtajà tí igi ẹ̀ fi tẹ̀.

A fi àwo 2007 sí i lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Fire on the Mountain ló gbọ́ nínú mọ́tò. Àmọ́ èyí tó mú gbogbo wa jókòó ni Eye Adaba. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa, ó ti lé lọ́dún 80, ó wà nínú yàrá. Nígbà tó débi tó ti ń kọ ti ojúmọ́ tó mọ́ yẹn, àfi bí màmá ṣe ń gbè é láti inú yàrá, ó jáde síta, ó ní orin àárọ̀ tí ìyá òun máa ń kọ tó bá ń gbálẹ̀ ni, ta ló kọ́ ọmọ yìí. Ó ya ọmọ mi lẹ́nu. Ó dá orin yẹn padà ní ìgbà mẹ́fà, èmi kà á, ó ń fi gìtá wá ohùn màmá kì í ṣe ti Aṣa.

Mo sọ ti kúáyà fún un bí ỌmọJos ṣe ní kí n sọ ọ́. Kò dáhùn. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé mo rí ìwé yẹn lórí tábìlì.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù, Alàgbà ni mo fẹ́ bi. Ó ti kọ orin Yorùbá odidi bẹ́ ẹ ṣe wí, ti ọmọ tó dúró ní ibùdókọ̀ tí mọ́tò já a jù sílẹ̀. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni "ọkọ̀ mi ti lọ". Ó kọ ọ́ fún màmá, màmá gbọ́, ó dákẹ́, ó wá bi í pé ọkọ wo, ọkọ ta ló lọ, ṣé ẹnì kan ti wà ni? Ọmọ mi ti fẹ́ fa ewé yẹn ya. Kí ló ṣe tí kò dáa?


Alàgbà_Kúáyà fèsì:
Kó má fa nǹkan kan ya o! Màmá ti ṣe iṣẹ́ tíṣà fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí mo ṣe rí i láti ibí, ohùn kan náà ló fi kọ "ọ" àti "kọ̀". Tí wọ́n bá ti dọ́gba, ọkọ ni yóò dún, ẹni tó fẹ́ni. Tó bá tún gbé èkejì lọ sókè, ọkọ́ ló dà, tí wọ́n fi ń roko. Kó jẹ́ kí èkejì wálẹ̀, kò ní láti jìn, ìṣísẹ̀ ohùn kan péré ti tó, kó wá dúró díẹ̀ níbẹ̀ kó tó gbé "mi" padà sókè. Kó má fọwọ́ kan kọ́ọ̀dù ẹ̀. Kó má fọwọ́ kan ìlà tó kù. Kó tún un kọ fún màmá, kó má sọ pé òun ti yí i padà, kó kàn kọ ọ́.


ÌyáOyin fèsì:
Alàgbà, ó ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì láàárọ̀ yìí. Màmá ní "pẹ̀lẹ́, òmíì ń bọ̀ lẹ́yìn, dúró síbẹ̀." Ó ti kọ ọ́ sínú orin náà, òun ló fi ṣe ègbè. Ó fẹ́ kọ ẹsẹ̀ kejì ní Gẹ̀ẹ́sì.